Ṣé dandan ni kí n di ọ̀mọ̀wé kí n tó máa ṣàlàyé físíìsì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ti gboyè àkọ́kọ́ nínú físíìsì, ohun tó sì wù mí jù ni kí n máa là á yé àwọn tí kì í ṣe onísáyẹ́ǹsì. Àmọ́ tí mo bá ti dúró níwájú èrò, ọ̀rọ̀ a há mi lọ́fun. Ìṣirò mi náà kò múná tó. Àwọn kan ní kí n lọ di ọ̀mọ̀wé ná. Ṣé dandan ni? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Kì í ṣe dandan, àbúrò mi. Michael Faraday, onísáyẹ́ǹsì ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wò, torí gbogbo ohun tó ń dà ọ́ láàmú yìí ló bá òun náà fínra.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, ìtòsí Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní 1791, ìwé tó kà ní kékeré kò pọ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 14, ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń rán ìwé pọ̀. Ọdún 7 ló lò níbẹ̀, ìwé tó bá wà níwájú rẹ̀ láti rán ló sì ń kà. Ní 1812, oníbàárà kan fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Humphry Davy, onímọ̀ kẹ́mísìrì, ní Royal Institution, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, ó ya àwòrán irinṣẹ́ tó rí, ó tún un kọ títí ó fi tó nǹkan bí 300 ojú ìwé, ó fọwọ́ ara rẹ̀ rán an pọ̀, ó wá fi ránṣẹ́ sí Davy. Ní oṣù kẹta ọdún 1813, wọ́n gbà á síṣẹ́ ní yàrá ìwádìí ibẹ̀.

Ibẹ̀ ni kí ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Wá ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, gbọ́ ọ, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé ìwọ ló máa sọ ọ́ lọ́la. Fídíò wíwò lásán kò tó, ọwọ́ ló ń kọ́ ètè.

Ní ti ọ̀rọ̀ tó ń há ọ lọ́fun, Faraday sanwó fún olùkọ́ tó kọ́ ọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú èrò. Kódà lẹ́yìn tó ti gbajúmọ̀, wọ́n ṣì máa ń gbé káàdì síwájú rẹ̀ tó ń rán an létí pé kó rọra sọ ọ́, torí ó máa ń sáré. Òmíràn ń sọ fún un pé àkókò ti fẹ́ tán. Káàdì méjì péré! Ṣe tìrẹ.

Láti 1827 sí 1860, ìgbà 19 ló ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdún Kérésìmesì fáwọn ọ̀dọ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù dá lórí àbẹ́là lásán. Ó fẹ́ àbẹ́là pa, ó mú iná sún mọ́ èéfín tó ń gòkè, iná sì fò gba inú èéfín náà padà sórí òwú láìjẹ́ pé ó fọwọ́ kan òwú rárá. Ọmọdé tó rí èyí ti mọ̀ pé oru ìda ló ń jó, kí ẹnikẹ́ni tó ṣàlàyé. Ìyẹn ni pé kí ojú kọ́kọ́ rí i, kí etí tó gbọ́.

Ìṣirò kò yé òun náà tó. Ní 1831, ó fi òòfà tó ń rìn nínú wáyà tí a ká yípo mú iná mànàmáná jáde. James Clerk Maxwell, onímọ̀ físíìsì mìíràn, ló wá fi ìṣirò gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn náà. Má fi ìyẹn ṣe àwáwí o: ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí físíìsì lónìí kò lè sá fún ìṣirò. Àmọ́ fún àlàyé, ẹni tó lè ya nǹkan náà sórí pátákó ti ṣe púpọ̀.

Oyè ọ̀mọ̀wé? Oxford fún un ní ti ọlá ní 1832, nígbà tó ti lò tó ọdún 19 nídìí iṣẹ́. Ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló ń sọ. Nítorí náà, wá ibi tí ọwọ́ rẹ ti lè kan irinṣẹ́, bó ṣe olùrànlọ́wọ́ lásán ni wọ́n fẹ́ fi ọ́ ṣe. Kó tó dìgbà náà, ra àbẹ́là kan, pe ọmọdé kan jókòó, kí o ṣe ti èéfín yẹn fún un ní ìṣẹ́jú 3.