Kí ló dé tí list mi ń rántí àná?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo kọ function kékeré kan ní Common Lisp, ọ̀kan lára èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ kó máa mú list òdo mẹ́ta, kó sì fi 1 kún ti àkọ́kọ́:

```
(defun ka ()
  (let ((ami '(0 0 0)))
    (incf (first ami))
    ami))
```

Nígbà tí mo kọ́kọ́ pè é, (1 0 0) ló fún mi. Mo tún un pè, ó di (2 0 0). Ìgbà kẹta, (3 0 0). Ibo ló ń tọ́jú ẹ̀ sí, nígbà tó jẹ́ pé inú let ni ami wà? Ìkejì: ẹni tó ń bá mi yẹ kóòdù mi wò ní kí n fi #'(lambda ...) rọ́pò '(lambda ...) nínú fáìlì Emacs Lisp mi (Lisp ti Emacs, ètò tí mo fi ń kọ kóòdù), kò sì sọ ìdí. Ṣé àmì # yẹn ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣeun tó o béèrè. Ibì kan náà ni ìṣòro méjèèjì ti ṣẹ̀ wá.

Àmì àyọlò tó o fi síwájú (0 0 0), ìkékúrú (quote (0 0 0)) ni. Ohun tó ń sọ fún compiler (ètò tó ń tú kóòdù sí ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe) ni pé kó má fọwọ́ kan ohun tó tẹ̀ lé e. Bó ṣe bá a ni kó gbé e fún ẹni tó bá béèrè. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Lisp kọ́ list náà, nígbà tó ń ka kóòdù rẹ. List yẹn gan-an ni compiler wá mọ mọ́ inú function, bí òkúta lára ògiri. Ní gbogbo ìgbà tó o bá pe ka, iṣẹ́ let ni pé kó so orúkọ ami mọ́ list àtijọ́ náà, kò kọ́ òmíràn. Nígbà tí incf wá yí òdo àkọ́kọ́ padà, ara function rẹ gan-an lo ń gbẹ́.

Ìlànà ANSI ti Common Lisp, èyí tó jáde ní 1994, sọ ọ́ kedere pé bí èèyàn bá yí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ padà, kò sí ìlérí kankan nípa ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Má sì rò pé (1 0 0), (2 0 0) tó o rí yẹn jẹ́ ohun tó o lè gbẹ́kẹ̀ lé. Bó o bá lo compile-file, èyí tó ń tú odidi fáìlì lẹ́ẹ̀kan, ìlànà gbà á láyè láti da àwọn list tó jọra nínú fáìlì kan pọ̀ di ẹyọ kan. Bí '(0 0 0) mìíràn bá wà nísàlẹ̀ fáìlì rẹ, nínú function tí kò mọ̀ nípa ka rárá, ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì di ohun kan náà, kí ka sì máa ba tọ̀hún jẹ́. Ìlànà kò gba compile tàbí eval, èyí tí REPL (ojú ibi tá a ti ń tẹ kóòdù, tí Lisp sì ń dáhùn lójú ẹsẹ̀) ń lò, láyè láti ṣe irú ìdàpọ̀ yìí. Ìdí nìyẹn tí kóòdù fi lè ṣe dáadáa lójú REPL, kó wá yí ìwà padà lọ́jọ́ tó o bá sọ ọ́ di fáìlì.

Kọ (list 0 0 0) dípò rẹ̀, nítorí list ń kọ́ tuntun ní gbogbo ìgbà. (copy-list '(0 0 0)) náà dára. Ṣọ́ra fún sort, nreverse àti nconc, torí wọ́n máa ń tú list tó o fún wọn palẹ̀. Backquote (àmì `, tó jọ àmì àyọlò ṣùgbọ́n tó ń jẹ́ ká fi iye sí ibi tí àmì , bá wà) náà ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn: `(,x 0 0) dà bí ohun tuntun lójú, ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀, (0 0), lè jẹ́ èyí tí compiler ti mọ mọ́ ara kóòdù.

Ó wá ku lambda, ìyẹn function tí kò lórúkọ. Èmi náà ti jìyà rẹ̀ rí. Mo kọ èyí sínú fáìlì Emacs mi:

```
(defun fi-kun (n awon)
  (mapcar '(lambda (x) (+ x n)) awon))
```

Ó ṣiṣẹ́ fún mi pẹ́ títí. Lọ́jọ́ tí mo fi lexical-binding: t sí ìlà àkọ́kọ́ fáìlì náà, ó kọ̀ jálẹ̀: "Symbol's value as variable is void: n". Mo wo n títí, n wà níbẹ̀, òun ni ohun àkọ́kọ́ tí function ń gbà! Ó rú mi lójú gan-an.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lójú compiler, list ẹlẹ́yọ mẹ́ta ni '(lambda (x) (+ x n)): symbol lambda, list (x), àti list (+ x n). Òkúta ara ògiri náà ni. n tó wà nínú rẹ̀, orúkọ lásán ni, kò bá n ti fi-kun tan. Láyé àtijọ́, Lisp máa ń wá iye n lọ sọ́dọ̀ ẹni tó pe function, ìyẹn ló fi ń bọ́ sí i. Lexical binding, tó ń wá iye orúkọ níbi tí a ti kọ function dípò ọ̀dọ̀ ẹni tó pè é, tó sì wọ Emacs ní ẹ̀dà 24.1 ní 2012, fòpin sí ìyẹn nínú fáìlì tó bá ń lò ó.

#' ní tirẹ̀ jẹ́ ìkékúrú function. Ó ń sọ fún compiler pé kóòdù ni ohun tó tẹ̀ lé e, kó wọ inú rẹ̀, kó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, kó sì so n mọ́ n. Macro (kóòdù tó ń kọ kóòdù) kan wà tó ń jẹ́ lambda tó ń fi function kún un fúnra rẹ̀, nítorí náà bó o bá kọ (lambda ...) láìfi àmì kankan síwájú, ó ti tó. Emacs ṣì máa ń gba list bíi function. Common Lisp kò gbà á mọ́ láti ìgbà ìlànà ANSI. Funcall, àṣẹ tó ń pe function, máa dá a padà bí àṣìṣe.

O lè bi mí pé, kí ló dé tí compiler kò kàn tú list náà wò nígbà tó rí lambda níwájú rẹ̀? Torí pé ẹ̀tọ́ rẹ ni láti kọ (car '(lambda (x) x)) kó o sì gba LAMBDA. Àwa tá à ń kọ macro, tá à ń fi ètò kọ ètò, orí ìdánilójú yẹn la dúró sí. Bí compiler bá ń méfò pé "ó jọ pé kóòdù lèyí", kò ní sí list kan tá a lè fọkàn tán mọ́.

Ní ti ka, kọ (eq (ka) (ka)) sójú REPL. Bó bá dá T (bẹ́ẹ̀ ni) padà, list kan ṣoṣo ló ń fún ẹ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Fi (list 0 0 0) sí i, tún un ṣe, wàá rí NIL (bẹ́ẹ̀ kọ́).