Ẹyẹ Dúdú tó ń Mòòkùn Nínú Kòtò Ẹja

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. Ẹ ní ẹyẹ dúdú kan ń mòòkùn nínú kòtò ẹja yín, ó jọ pẹ́pẹ́yẹ ẹlẹ́nu ayùn tí ẹ rí nínú fídíò. Pẹ́pẹ́yẹ yẹn wà lóòótọ́, àmọ́ Yúróòpù, Éṣíà àti Amẹ́ríkà ló ń gbé. Pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ tiwa tó ń súfèé, èso koríko ló ń jẹ jù. Ẹ wo ẹnu èyí dáadáa: bí ṣóńṣó rẹ̀ bá tẹ̀ bí ìwọ̀, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tó sì máa ń na ìyẹ́ sá sóòrùn tó bá ti inú omi jáde, ẹyẹ tí Òyìnbó ń pè ní cormorant nìyẹn, òun ló sọ mí di onígbèsè ní Ẹ̀pẹ́.

Ojú ni òun àti ẹlẹ́nu ayùn fi ń dọdẹ. Ẹlẹ́nu ayùn á tiẹ̀ kọ́kọ́ ki orí bọmi, á wò yíká, kó tó mòòkùn. Ibẹ̀ ni mo ti jìyà. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, omi kòtò mi tó dà bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ń rí mi lára, ni mo bá gbọ́n ọn dànù, mo fa omi bòhóòlù sí i, ó mọ́ gaara. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹyẹ kan ti di mẹ́rin. 1,000 ọmọ àrọ̀ ni mo dà síbẹ̀, wọn ò ju ìka ọwọ́ lọ. Nígbà tí a kó wọn, wọn ò pé 300.

Kì í ṣe irú ẹja ni àwọn ẹyẹ yìí ń ṣà. Èyí tí kò ní le wọ́n láti lé ni: kékeré, aláìlera, èyí tó gòkè wá mí. Àrọ̀ sì rèé, ó máa ń gòkè wá mí. Mo jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ lọ́jọ́ kan, mo ń wo ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ náà. Ó rì, omi ò ta. Mo ka ení, èjì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ogún, ó yọ pẹ̀lú ẹja ní ìdábùú ẹnu. Ó jù ú sókè díẹ̀, ó fi ẹnu gba orí rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ wú, ó parí. Tó bá ti orí gbé e mì, ẹ̀gún méjèèjì ẹ̀gbẹ́ àrọ̀ á dùbúlẹ̀. Ọ̀kan gbé èyí tó gùn tó ọwọ́ mi, ó jà títí, ó jù ú sílẹ̀. Ẹja yẹn kú tegbòtegbò lọ́jọ́ kẹta.

Aṣọ pupa àti agolo tí mo so láti fi lé wọn? Ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fi sá. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n bà lé e. Wọ́n tún mọ aago méje tí mo ń fún ẹja lóúnjẹ, wọ́n á ti dúró dè mí. Ní báyìí, inú tánkì ni ọmọ ẹja mi máa ń wà títí á fi tó odidi ọwọ́, mi ò sì dà omi aláwọ̀ ewé nù mọ́. Mo ra àlòkù àwọ̀n lọ́wọ́ àwọn apẹja etí ọ̀sà, mo fi bo orí kòtò. Ẹ fà á kó le o. Tèmi àkọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀: ẹyẹ rìn lórí ẹ̀ títí ó fi kan omi, ó dúró síbẹ̀, ó ń jẹun.