Ṣé ó sàn kéèyàn máa wa tírélà lójú ọ̀nà kan náà ní Amẹ́ríkà?
Ó sàn gan-an fún ẹni tó níyàwó àti ọmọ nílé. Oníbàárà kan náà lẹ ó máa kẹ́rù fún, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ ó fi mọ ibi tẹ́ ẹ lè páàkì sùn sí. Òfin ò yàtọ̀ ṣá o: lẹ́yìn ìsinmi wákàtí 10, wákàtí 11 péré lẹ lè fi wakọ̀, láàárín wákàtí 14 látìgbà tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti wà á fún wákàtí 8, ẹ gbọ́dọ̀ sinmi fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ẹ́ńjìnnì ló ń ka wákàtí tẹ́ ẹ fi wakọ̀.

Kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ bi ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbà yín: bí oníbàárà ò bá ní ẹrù lọ́sẹ̀ kan ńkọ́? Máìlì lọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń sanwó lé lórí, tẹ́ ẹ bá wá jókòó látàárọ̀ tí wọn ò tíì já ẹrù, owó ò wọlé nìyẹn.