Ẹ́ńjìnnì aláwọ̀ wúrà lára MGB ọdún 1966: ṣé nọ́mbà tí kò bára mu ti ba ọkọ̀ jẹ́ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ ra MGB kan, ọkọ̀ kékeré eléré ìje ti ilé-iṣẹ́ MG ní Britain, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1966. Ara rẹ̀ mọ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń dún dáadáa, ṣùgbọ́n nọ́mbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì náà yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé ọkọ̀. Nígbà tí mo nu gíríìsì kúrò lára búlọ́ọ̀kù, odidi irin tó jẹ́ ara ẹ́ńjìnnì, mo rí ọ̀dà aláwọ̀ wúrà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń tà á sọ pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà gan-an ló tún ẹ́ńjìnnì yìí ṣe láyé ọjọ́un, nítorí náà kò sí ìyọnu. Ọ̀rẹ́ mi kan sì ní kí n má rà á rárá, pé ọkọ̀ àtijọ́ tí nọ́mbà rẹ̀ kò bára mu kò níyì mọ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Kí ni kí n sì yẹ̀ wò kí n tó san owó?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ohun tí olùtajà yẹn sọ lè jẹ́ òtítọ́ pọ́nńbélé, síbẹ̀ kò dáhùn ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ọ̀dà wúrà ń tọ́ka sí ẹni tó tún ẹ́ńjìnnì ṣe nígbà náà ni, kò sọ bí inú rẹ̀ ṣe rí lónìí. Ọ̀rẹ́ yín ní tirẹ̀ ń fi ojú òde òní wo ohun tí àwọn tó ni ọkọ̀ nígbà náà kò kà sí nǹkan kan. Ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ti wá, torí ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ bí ẹ ṣe máa ná an àti ibi tí ẹ máa yẹ̀ wò.

Ẹ́ńjìnnì ayé àtijọ́ kì í pẹ́ kó tó jẹ. Òróró ìgbà náà kò ní èròjà tó ń fọ ìdọ̀tí inú ẹ́ńjìnnì, asẹ́ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ kò dára tó, ọ̀pọ̀ ọ̀nà sì jẹ́ kìkì eruku. Eruku yẹn á máa ha ògiri sílíńdà, ìyẹn ihò tí písítìn ti ń lọ sókè sódò, títí ihò náà kò fi ní rí róbótó mọ́. Rínǹgì tó yí písítìn ká á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí òróró kọjá, èéfín á sì gba ojú ọ̀nà. Àtúnṣe rẹ̀ kò rọrùn. Lára Ford Model T àti Model A tó tẹ̀ lé e, bẹ́árìn tí kíráńkì, ọ̀pá irin tí písítìn ń mú yí, ń yí lórí rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn lè yọ kó sì fi tuntun sí. Irin rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní bábíìtì ni wọ́n máa ń yọ́, tí wọ́n á dà á sójú ibi tí kíráńkì ń jókòó sí, tí wọ́n á wá gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bá kíráńkì mu. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ọkọ̀ kò ní ẹ̀rọ tàbí òṣìṣẹ́ tó lè ṣe é, ọkọ̀ oníbàárà á sì jókòó títí.

Ford ló sọ pàṣípààrọ̀ di ohun tó gbilẹ̀. Lẹ́yìn tí V8 rẹ̀, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ, jáde ní 1932, láàárín àwọn ọdún 1930 náà, ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti jẹ lè gbé ọkọ̀ lọ bá aṣojú Ford, kó fi ẹ́ńjìnnì àtijọ́ sílẹ̀, kó fi iye owó kan tí wọ́n ti là kalẹ̀ lé e, kí wọ́n sì fi òmíràn tí wọ́n ti tún ṣe sí i. Bí àwọn tó ń béèrè ṣe ń pọ̀ sí i, Ford fún àwọn ilé-iṣẹ́ àdáni láṣẹ láti máa ṣe iṣẹ́ náà lórúkọ rẹ̀: ìwọ̀n Ford ni wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, ẹ̀yà Ford ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò, wọ́n á sì kan àwo irin kékeré mọ́ ẹ́ńjìnnì láti fi hàn pé àwọn ló ṣe é. Ohun tí àwo yẹn túmọ̀ sí fún oníbàárà ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe bí kò ṣe yẹ kó ṣe, Ford wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ogun àgbáyé kejì ló wá sọ ọ́ di kòṣeémánìí. Ní oṣù kejì ọdún 1942, Amẹ́ríkà dá ṣíṣe ọkọ̀ fún aráàlú dúró pátápátá, èyí tó wà nílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn ogun, irin wọ́n ní Yúróòpù, ẹ́ńjìnnì tó ti jẹ sì di ohun èlò gidi tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọnù. Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní Wolfsburg ní 1947. Nígbà tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Kassel sílẹ̀ ní 1958, iṣẹ́ àtúnṣe yìí ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe níbẹ̀. Renault bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Choisy-le-Roi, lẹ́bàá Paris, ní 1949.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nínú ilé-iṣẹ́ ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ nọ́mbà tó ń dà yín láàmú. Tí ẹ́ńjìnnì bá dé, wọ́n á tú u palẹ̀ débi tí kò ní ku nótì kan lára rẹ̀. Wọ́n á se àwọn irin rẹ̀ nínú omi gbígbóná tó ní sódà kọ́sítíìkì kí gíríìsì àti èédú lè bọ́. Wọ́n á fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì àti ìyẹ̀fun irin wá ibi tó bá ti là tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n á gbẹ́ ihò sílíńdà gbòòrò sí i, wọ́n á fi písítìn tó tóbi bá a mu, wọ́n á lọ ojú kíráńkì kó lè dán, wọ́n á sì fi bẹ́árìn tó nípọn dí àlàfo tó kù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ẹ̀yà á dàpọ̀. Búlọ́ọ̀kù lè wá láti ara ọkọ̀ kan, kíráńkì láti ara òmíràn, tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì tí fáàfù wà nínú rẹ̀, láti ibòmíràn. Ìwọ̀n nìkan ni wọ́n ń wò. Ẹni tó gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wá kì í gba tirẹ̀ padà, kò sì béèrè, torí ọkọ̀ tó máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì ló ń wá.

British Motor Corporation, tí Austin àti ilé-iṣẹ́ tó ni Morris àti MG para pọ̀ dá sílẹ̀ ní 1952, ní irú ètò yìí. Gold Seal ni wọ́n pe èyí tó ga jù, wọ́n sì ń kùn ún ní àwọ̀ wúrà; Silver Seal ni èyí tó rẹlẹ̀ díẹ̀, aláwọ̀ fàdákà. Èmi gbà pé Gold Seal ni ohun tí ẹ rí. Nọ́mbà tirẹ̀ ló ń gbé wá, nítorí náà kò lè bá nọ́mbà tí ọkọ̀ yín fi jáde mu láéláé. Kì í ṣe ẹ̀rí olè jíjà. Àwọn mìíràn ṣe bẹ́ẹ̀: General Motors tẹ lẹ́tà CE sára búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́ láti ìparí àwọn ọdún 1960, ẹ ó sì rí AT lára ẹ́ńjìnnì tí Porsche fi ṣe pàṣípààrọ̀.

Òde òní ni nǹkan yí padà. Nígbà tí ọkọ̀ àtijọ́ di ohun ìṣúra, nọ́mbà tí ẹnikẹ́ni kò wò tẹ́lẹ̀ di ohun tí wọ́n ń fi owó ńlá rà, àwọn ilé-iṣẹ́ náà sì tẹ̀ lé e. Mercedes-Benz ṣí Classic Center sí Fellbach ní 1993, Ferrari ṣí ẹ̀ka Classiche sí Maranello ní 2006, wọ́n sì ń fún ọkọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé ẹ̀yà rẹ̀ jẹ́ ojúlówó. Ní 2019, Jaguar tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe búlọ́ọ̀kù tuntun fún ẹ́ńjìnnì XK oní-3.8 lítà. Ẹ wo bí ó ti yàtọ̀ sí ti ìṣáájú: nígbà kan, ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ lówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń lé, báyìí, bí ọkọ̀ ṣe jáde láti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń dá padà. Nítorí náà ọ̀rẹ́ yín kò parọ́ tó bá jẹ́ Ferrari ni ẹ fẹ́ rà. MGB yàtọ̀ gan-an. Wọ́n ṣe é láti 1962 dé 1980, ó pọ̀ nílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹ lè fi nọ́mbà náà ná owó rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kò ní torí rẹ̀ fi ọkọ̀ tí ara rẹ̀ kò dógùn-ún sílẹ̀. Ìpẹtà abẹ́ ọkọ̀ ń jẹ owó ju ẹ́ńjìnnì lọ.

Ó wá ku ohun tí ẹ máa yẹ̀ wò. Ẹ kọ́kọ́ wá àwo nọ́mbà tí wọ́n kàn mọ́ búlọ́ọ̀kù, kí ẹ wo bóyá ìṣó rẹ̀ jọ ti ìgbà náà tàbí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án. Ọ̀dà wúrà ń tà ní ọjà, ẹnikẹ́ni ló lè kun ẹ́ńjìnnì, nítorí náà ọ̀dà láìsí àwo kò tó ẹ̀rí. Ẹ béèrè fún rìsíìtì ìgbà náà bó bá wà. Ẹ sì rí i dájú pé ẹ́ńjìnnì MGB ni lóòótọ́, torí àwọn kan ti fi ti Morris Marina oní-1.8 lítà rọ́pò rẹ̀. Láti ìparí 1964 ni MGB ti ní bẹ́árìn ńlá márùn-ún dípò mẹ́ta, ti 1966 sì gbọ́dọ̀ jẹ́ olómárùn-ún.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí ẹ wa ọkọ̀ náà, kí ẹ sì máa wo géèjì òróró. Lórí ìrìn, ó yẹ kó wà láàárín 50 sí 80 psi, ìyẹn ìwọ̀n agbára tó ń ti òróró. Bí ó bá ń dún jẹ́ẹ́ lójú kan, 10 sí 25 tó. Bí ó bá rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó gbóná, ó ṣeé ṣe kí bẹ́árìn ti jẹ. Ẹ ní kí mẹ́káníìkì wọn agbára ìfúnpọ̀ inú sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì da òróró díẹ̀ sínú èyí tó bá rẹlẹ̀, kí ó tún un wọn. Bí ó bá gòkè, rínǹgì tàbí sílíńdà ló jẹ. Bí kò bá gòkè, fáàfù ni ẹ máa wò.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí. Ihò sílíńdà MGB bẹ̀rẹ̀ láti 80.26 mílímítà. Ilé-iṣẹ́ tó tún un ṣe lè ti gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, ẹlòmíràn lè ti gbẹ́ ẹ lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá rí 0.060 ínǹṣì, ìyẹn iye tí wọ́n ti fi gbẹ́ ihò náà gbòòrò sí i, lórí písítìn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí irin tí ẹ lè tún gbẹ́ mọ́. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ tún un ṣe, sílíńdà yóò gba ẹ̀wù irin tuntun, iṣẹ́ yẹn sì wọ́n. Tí olùtajà bá gbà kí ẹ fi kámẹ́rà kékeré wọ ojú púlọ́ọ̀gì wo orí písítìn, ẹ má ṣe fi àyè yẹn ṣeré.

Fáàfù náà ń fẹ́ àfiyèsí. Tọ́ọ̀pù irin tí wọ́n tún ṣe ní ìgbà yẹn, epo oní-òjé ni wọ́n fi sọ́kàn, òjé náà ló sì ń dáàbò bo ìjókòó fáàfù. Yúróòpù fi òfin gbé epo oní-òjé kúrò lọ́jà ní 2000. Bí wọn kò bá ì tíì fi ìjókòó líle sí tọ́ọ̀pù yìí, fáàfù á máa rì díẹ̀díẹ̀, àlàfo rẹ̀, tó yẹ kó jẹ́ 0.015 ínǹṣì, á sì máa dín kù. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ṣe é, kí ẹ sì ka owó iṣẹ́ náà mọ́ iye ọkọ̀ bí wọn kò bá tíì ṣe é.

Ní ti ìwé, British Motor Museum ní Gaydon máa ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí tó sọ nọ́mbà ẹ́ńjìnnì tí ọkọ̀ fi jáde láti Abingdon, ibi tí wọ́n ti ṣe MGB. Ẹ gbà á. Bí ọkọ̀ bá wà lórí ìwé ní Britain, ẹ sọ nọ́mbà tuntun fún DVLA, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣàkọsílẹ̀ ọkọ̀ níbẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún nọ́mbà àkọ́kọ́ tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì yìí, bó ti wù kó fi owó dídùn tàn yín tó. Ẹ fi àwo Gold Seal sílẹ̀ níbi tó wà. Ẹ fi àwòrán àwo náà àti ìwọ̀n tí mẹ́káníìkì bá rí ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan.