Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé dandan ni kí ẹni ńlá gbé mi sókè?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwòrán inú ìwé àwọn ọmọdé ni mo máa ń yà. Èmi nìkan ni mò ń dá ṣiṣẹ́ nílé, n kò ní alábàárò. Obìnrin kan ní òun á mú mi wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọnà, pé àwọn ẹni ńlá tó máa gbé mi sókè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ sanwó. Ṣé kí n san án?

ÌDÁHÙN: Má san án, àbúrò mi. Irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, inú sì ń bí mi gidigidi sí àwọn tó ń fi orúkọ ẹni ńlá gbowó lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mi ò sọ pé gbogbo ẹgbẹ́ tó ń gbowó ni oníjìbìtì. Ẹgbẹ́ gidi máa ń gba owó ọdún, àmọ́ á fi òfin ẹgbẹ́ hàn ọ́, á sọ àwọn olóyè rẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń fi owó ṣe.

Ṣùgbọ́n o ti ṣi ọ̀rọ̀ náà mú látìbẹ̀rẹ̀. Ta ló sọ fún ọ pé ẹni ńlá ni alátìlẹ́yìn? Èmi tí mo jẹ́ aṣojú àwọn ayàwòrán mọ̀ pé ẹlẹgbẹ́ ẹni tó ti rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ló sábà máa ń dárúkọ ẹni níbi tí iṣẹ́ wà. Ní 1973, Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn tó ti ipasẹ̀ ojúlùmọ̀ rí iṣẹ́. Ìdá 16.7 péré nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló máa ń rí ojúlùmọ̀ náà déédéé. Ìdá 55.6 ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìdá 27.8 kì í sì í sábà rí i rárá. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ rẹ gbọ́, ìwọ náà ti gbọ́ ọ. Ẹni tó ń rìn níbòmíràn ló ń gbọ́ èyí tí kò tíì dé etí rẹ.

Ọkùnrin ni àwọn tí Granovetter bi léèrè o, má gbàgbé ìyẹn. Ní 2019, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Yang, Chawla àti Uzzi, wo àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde nílé ẹ̀kọ́ ìṣòwò, wọ́n sì rí i pé àwọn obìnrin tó rí ipò gíga jù gbà ní ojúlùmọ̀ káàkiri, wọ́n sì tún ní obìnrin mélòó kan tí wọ́n jọ sún mọ́ra gan-an. Lóòótọ́, kì í ṣe ayàwòrán ni wọ́n, ṣùgbọ́n ohun tí mò ń rí lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn.

Kí ni àwọn mélòó kan yẹn wà fún? Ká ní ilé iṣẹ́ atẹ̀wé kan fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́ sí ọ, tí ìlà kan níbẹ̀ ní kí o fún àwọn ní gbogbo ẹ̀tọ́ àwòrán náà títí láé. O da ìlà yẹn kọ, o fi ránṣẹ́ sí ẹlẹgbẹ́ rẹ: “Ṣé bí wọ́n ṣe kọ tìẹ náà nìyí?” Ó ní rárá, ọdún márùn-ún ni wọ́n kọ sí tòun, nítorí òun ní kí wọ́n yọ “títí láé” kúrò. Ìwọ náà á béèrè. Ẹni ńlá wo ló fẹ́ ráyè ìyẹn?

Bí iṣẹ́ bá dé tí o kò ráyè, má kàn dákẹ́. Kọ ọ́ pé: “Ọwọ́ mi dí, ṣùgbọ́n lágbájá mọ̀ ọ́n ṣe, iṣẹ́ rẹ̀ rèé.” Àmọ́ má dárúkọ ẹni tí o kò tíì rí iṣẹ́ rẹ̀, nítorí bó bá ba iṣẹ́ jẹ́, orúkọ tìẹ náà bà jẹ́.

Ẹ ṣọ́ra lórí ọ̀rọ̀ owó. Kí ẹ sọ iye tí wọ́n ti san fún yín rí yàtọ̀ sí kí ẹ jọ dá iye kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbà dín. Èkejì yẹn lè lòdì sí òfin ìdíje ọjà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Àdéhùn mìíràn sì wà tó ní kí o má sọ iye rẹ síta. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò. Bi agbẹjọ́rò tó mọ òfin ibi tí o wà.

Lọ́sẹ̀ yìí, kọ̀wé sí ayàwòrán obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ wù ọ́, tí òun náà ṣì ń tiraka. Sọ ohun tí o rí nínú àwòrán rẹ̀ ní pàtó, má tọrọ nǹkan kan. Bí kò bá dáhùn, kọ sí ẹlòmíràn.