Tẹlifóònù Ilé Tó Ń Kú Bí Iná Bá Ti Lọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ayé bàbá àwọn ọmọ mi la ti ń lo tẹlifóònù oníwáyà nílé wa l'Átàkẹ́, nílùú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Benin. Ilé iṣẹ́ kan wá, wọ́n ní ká bọ́ sórí fíbà, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ àti àwòrán, pé tẹlifíṣọ̀n, íntánẹ́ẹ̀tì àti tẹlifóònù á máa gba ojú ọ̀nà kan wọlé. A gbà. Àwòrán mọ́ lóòótọ́. Àmọ́ bí iná bá ti lọ, tẹlifóònù kú nìyẹn. Bí àwọn ọmọ bá sì dé lálẹ́, àwòrán tẹlifíṣọ̀n á dúró, àmì róbótó á máa yí lójú rẹ̀, ohùn àkọ́bí mi tó ń pè láti Kútọnu á máa já. Wọ́n ní kí n sanwó kún un, kí n gba èyí tó yára jù. Ṣé kí n san án?
Ìyá aláṣọ, Àtàkẹ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá mi, ẹ má tíì san nǹkan kan kún un.

Ọ̀rọ̀ iná yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí òun ló ká mi lára jù nínú lẹ́tà yín. Tẹlifóònù yín àtijọ́, wáyà bàbà ló so ó mọ́ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, orí wáyà yẹn náà ni iná rẹ̀ sì ń gbà wá, nǹkan bíi fóltì 48, láti inú bátìrì ńláńlá tó wà lọ́dọ̀ wọn. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi lè ṣókùnkùn tí agogo rẹ̀ á ṣì máa dún. Fíbà kì í gbé iná, ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Àpótí tí wọ́n kàn mọ́ ògiri yín ló ń sọ ohùn di dátà, iná ilé yín ni àpótí náà sì ń jẹ. Nǹkan kan ò bàjẹ́, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá so ó kì í sọ ọ́ fún onílé. Màmá àgbà tó ń dá gbélé, tó ti mọ tẹlifóònù orí tábìlì sí èyí tí kì í kú, ni wọ́n á gbé e fún, kò sì ní mọ̀ pé bí iná bá lọ lóru, òun ò lè fi pe panápaná ní 118.

Ó ní àtúnṣe. Ẹ wo ara ṣájà àpótí náà, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí 12V níbẹ̀. Wọ́n ń ta bátìrì kékeré kan tó ń gbé 12V jáde, àárín ṣájà àti àpótí ni wọ́n ń fi sí. Bí iná bá wà, á máa gbà á sára. Bí iná bá lọ, òun ló kàn. Power bank táwọn ọmọ fi ń ṣájì fóònù kò lè ṣe é, 5V ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé jáde. Ẹ ṣọ́ra níbì kan o: ilé mìíràn wà tó jẹ́ àpótí méjì ni wọ́n so, ọ̀kan tí okùn fíbà wọ̀, ọ̀kan tó ń fọ́n Wi-Fi. Méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wà lórí bátìrì. Bí tẹlifóònù yín bá sì jẹ́ irú èyí tí kò ní wáyà lọ́wọ́, ìjókòó rẹ̀ náà ń jẹ iná. Ẹ wá èyí tó ní wáyà, kẹ́ ẹ fi wáyà rẹ̀ bọ ihò tí wọ́n kọ TEL sí lára àpótí.

Ti ohùn tó ń já àti tẹlifíṣọ̀n tó ń yí wá ńkọ́? Ìpè kan kì í gbà ju nǹkan bíi kílóbíìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí àwòrán HD, èyí tó mọ́ kedere, lè gba mẹ́gábíìtì 5, ìyẹn kílóbíìtì 5,000. Bí ohùn bá wá ń já, àwọn yòókù ló ń tì í sẹ́yìn. Ọmọ kan ṣoṣo tó ń fi fídíò gígùn ránṣẹ́ lè dí ọ̀nà àlọ pa. Wọ́n lè ṣètò àpótí náà kí ohùn máa kọjá ṣáájú. Ẹ ní kí wọ́n ṣe é lójú yín.

Ẹ sì mọ bí ògiri amọ̀ ilé àtijọ́ l'Ájàṣẹ́ ṣe nípọn tó. Oríṣi Wi-Fi méjì ni àpótí sábà máa ń fọ́n: ti GHz 5 yára ju ti GHz 2.4 lọ, àmọ́ ògiri tètè ń pa á. Mo mọ ilé kan lápá Wàndó tí wọ́n ti àpótí bọ kọ́bọ́ọ̀dù nítorí ẹwà pálọ̀, tí dekódà sì wà ní yàrá kejì. A gbé àpótí jáde, a fi wáyà so dekódà mọ́ ọn, kò yí mọ́, owó oṣù wọn ò sì lé. Ẹ dán an wò bẹ́ẹ̀ lálẹ́, nígbà tí gbogbo ilé bá wà nídìí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá yí mọ́, Wi-Fi ló lẹ́jọ́. Bó bá ṣì ń yí, ẹ pè wọ́n kí wọ́n wá yẹ okùn wò kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ owó lẹ́nu wọn.

Ẹ tún yẹ àwọn nọ́ńbà tẹ́ ẹ tọ́jú sínú tẹlifóònù yẹn wò. Láti 30 Oṣù Kọkànlá 2024 ni nọ́ńbà tẹlifóònù ilẹ̀ wa ti kúrò ní oní-díjíìtì 8 tó di oní-díjíìtì 10, pẹ̀lú 01 níwájú.

Bẹ́ ẹ bá padà fọwọ́ síwèé tuntun, kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé nọ́ńbà yín ò ní yí padà, kí wọ́n sì kọ iye tẹ́ ẹ máa san bẹ́ ẹ bá fẹ́ padà sórí èyí tẹ́ ẹ ń lò báyìí.