Àbúrò mi ní Ṣágámù, má dúró de PS6

Àbúrò, mo ti gbọ́ ìbéèrè rẹ. O ní o ti gba ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Sábó ní Ṣágámù, o fẹ́ fi ṣí ilé géèmù, owó ọwọ́ rẹ kò sì ju èyí tó lè ra PS5 (PlayStation 5 ti Sony) méjì lọ. O wá ń bèèrè bóyá kí o ra PS5, tàbí Xbox Series S ti Microsoft tí owó rẹ̀ kéré, tàbí kí o tilẹ̀ fi owó náà pamọ́ nítorí wọ́n ní PS6 àti Xbox tuntun ti ń bọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń ka teraflop, ìyẹn òdiwọ̀n agbára ẹ̀rọ, sí ọ létí. Èmi ò ní ka ìyẹn. Ilé géèmù ni mo fi ń jẹun ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, láti ayé PS2 tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti fa ṣọ́ọ̀bù náà lé mi lọ́wọ́ tó bá tirẹ̀ lọ sí Èkó. Àwọn tó ń pè mí ní Ìyá Géèmù nígbà náà ti ń mú ọmọ tiwọn wá báyìí.

Má dúró de nǹkan kan. Ilé géèmù kì í rí owó lára ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ara èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀ ló ti ń rí i. Wò ó: 2000 ni PS2 jáde. PS3 dé ní 2006, PS4 dé ní November 2013, síbẹ̀ géèmù bọ́ọ̀lù FIFA 14 tó jáde ní 2013 yẹn ṣì wà fún PS2, òun ni FIFA ìkẹyìn lórí rẹ̀. Lórí PS3, bọ́ọ̀lù ń jáde títí dé FIFA 19. FC 26, orúkọ tuntun tí FIFA ń jẹ́, tó jáde ní 2025 ń ṣiṣẹ́ lórí PS4, ẹ̀rọ tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, owó ń wọlé fún wa lára ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní ògbólógbòó.

Ti pé bí tuntun bá ń bọ̀, ti àtijọ́ á wálẹ̀, ó rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Dọ́là 399 ni wọ́n fi gbé PS4 jáde, nígbà tó fi máa di 2016, PS4 Slim ti di 299. Ìran yìí ti da ètò yẹn rú. PS5 tó ní ojú díìsì bẹ̀rẹ̀ ní dọ́là 499 ní November 2020, ní August 2025 wọ́n gbé e sí 549 ní Amẹ́ríkà. Series S tó bẹ̀rẹ̀ ní 299 di 399 ní October ọdún kan náà. Ká má tíì sọ ti náírà wa tí wọ́n tú sílẹ̀ ní June 2023. Oníbàárà mi kan ti ń ṣọ́ PS5 kí ó wálẹ̀ látìgbà tó wà ní Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó ti jáde, ó ti sin ìlú, ó ti gbéyàwó, ọ̀dọ̀ mi ló ṣì ti ń wá gbá bọ́ọ̀lù.

Lóòótọ́, Microsoft kéde ní June 2025 pé òun àti AMD, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ, jọ ń ṣe ẹ̀rọ tó kàn, Mark Cerny ti Sony náà sì sọ ní October pé ó ku ọdún díẹ̀ kí èyí tí àwọn náà ń bá AMD ṣe tó bọ́ sínú ẹ̀rọ tuntun. Wọn ò dárúkọ iye. Ìwọ ní tìrẹ, háyà ṣọ́ọ̀bù ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà lórí rẹ.

Ó kù kí a mú PS tàbí Xbox. Iná ni kí o kọ́kọ́ fi wọ̀n wọ́n, nítorí òun ló ń jẹ èrè wa.

PS5 máa ń fa nǹkan bí 200 wáàtì tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Fi tẹlifíṣọ̀n 32 kún un, ó ti súnmọ́ 250. Méjì nìyẹn pẹ̀lú fáànù àti gílóòbù, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I-better-pass-my-neighbour ti bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. PS4 Slim kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 80 wáàtì, Xbox Series S náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. O lè tan PS4 Slim mẹ́ta pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n wọn lórí jẹnẹrétọ̀ tí PS5 méjì ń pa lára yìí. Tí o bá sì bọ́ sí àdúgbò Band A, níbi tí iná ti ń pẹ́ jù, ọ̀rọ̀ náà ò yàtọ̀: láti April 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná kúrò ní nǹkan bí náírà 68 lọ sí 225 lórí yúnìtì kan, mo ti ń mọ̀ ọ́n lára pé ẹ̀rọ kan yàtọ̀ sí èkejì. Níbi ti iná, Xbox Series S yege, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Àmọ́ kí iná wọ́n kò tó kí ó lọ lójijì. Ojúde Ọba ọdún kan, ìlú kún, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ti Èkó àti òkè òkun dé bí eṣú. Alàgbà kan wọlé pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ wọn, ó ká agbádá lé itan, ó gba pádì, òun àti ọmọ iléèwé girama kan jọ fi owó sílẹ̀. Ọmọ náà ti na ọkùnrin yìí ní 2–1, ó ku díẹ̀ kí bọ́ọ̀lù parí, iná bá lọ. Pàà! Bàbá yìí ní bọ́ọ̀lù ti bàjẹ́, kò sí ẹni tó jẹ. Ọmọ ní òun ti jẹ, kí bàbá náà rọra san. Àwọn tó wà lẹ́yìn pín sí méjì, ariwo di ti ọjà Òkè-Àje. Èmi ni mo dá owó padà fún àwọn méjèèjì, mo sì pàdánù ìyókù ọjọ́ náà, nítorí nígbà tí iná dé, PS yẹn kọ́kọ́ ń yẹ inú ara rẹ̀ wò kí ó tó jí, pé wọn ò pa òun bó ṣe yẹ. Kí o tó ra ẹ̀rọ kejì, ra ínfátà kékeré, ó kéré tán UPS tó lè gbé bọ́ọ̀lù kan dópin. Tí iná bá sì dé, jẹ́ kí ó fìdí múlẹ̀ kí o tó tan nǹkan kan, sítébílásà tàbí kò sí sítébílásà.

Ohun kejì ni pádì. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wéra kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí nílé wọn, ẹnì kan ló ń lò ó. Nílé géèmù, pádì kan ń kọjá lọ́wọ́ gbogbo àdúgbò lójúmọ́. Rọ́bà orí ọ̀pá òsì á kọ́kọ́ jẹ títí tí yóò fi ku ike lásán, lẹ́yìn náà ni ọ̀pá náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀, agbábọ́ọ̀lù á máa sá lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò rán an. Ẹ̀yà méjèèjì ló ń ṣe é. Ohun tó yàtọ̀ ni pé pádì PS4 kò lè gbá géèmù PS5 lórí PS5, géèmù PS4 nìkan ló lè bá a gbá níbẹ̀. Pádì Xbox One ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí Series S àti Series X láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n ta ló ní pádì Xbox One ní Ìjẹ̀bú? Ti PS4 kún ilẹ̀ ní Fọlágbadé, àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n. Ti PS5 wọ́n, bó bá sì bàjẹ́, inú rẹ̀ ṣòroó tún ju ti PS4 lọ, nítorí àwọn ohun tó ń mú bọ́tìnnì ẹ̀yìn rẹ̀ le síni lọ́wọ́.

Yàtọ̀ sí èyí, ọwọ́ àwọn èèyàn wa ti mọ PS. Mo ti gbé Xbox sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rí, mo rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lórí pádì PS, X ni wọ́n fi ń fún èèyàn ní bọ́ọ̀lù. Lórí ti Xbox, A ló wà níbi tí X yẹn wà, X tiwọn sì wà lápá òsì, òun ni wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù sókè. Ọmọ tó jókòó lè má ṣì í, àtàǹpàkò rẹ̀ mọ̀nà. Àmọ́ ìdajì adùn ilé géèmù ni àwọn tó dúró lẹ́yìn, tí wọ́n ń pariwo “Tẹ X! Tẹ X!” Ọmọ náà wo pádì, ó tẹ X, bọ́ọ̀lù fò sókè lọ bá adènà ilé kejì. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Xbox yẹn ló ń ṣófo, tí èrò ń tò níwájú àwọn PS.

Má sì gbàgbé díìsì. Series S kò ní ojú díìsì rárá, gbogbo géèmù rẹ̀ ni o máa fi dátà fà wálẹ̀. Bọ́ọ̀lù ọdún kan ṣoṣo máa ń ju 40GB lọ, 512GB tí wọ́n kọ sára Series S kò sì kù ju nǹkan bí 364 lọ fún ọ. Díìsì dára fún Ìjẹ̀bú, ẹ ṣáà mọ̀ pé a kì í jẹ́ kí owó kú: bí bọ́ọ̀lù tuntun bá jáde, mo máa ń fi díìsì àtijọ́ lélẹ̀, mo sì máa ń fi owó lé e. Èyí tí o fi íńtánẹ́ẹ̀tì rà, inú àkáǹtì rẹ ló máa kú sí. Àkáǹtì yẹn gan-an, Nàìjíríà ò sí nínú orílẹ̀-èdè tí PlayStation Network tò sílẹ̀. Ti Amẹ́ríkà tàbí ti UK ni àwọn èèyàn wa ń ṣí, tí wọ́n ń ra gift card sí i.

Nítorí náà, tí wọ́n bá fi PS5 digital, èyí tí kò ní ojú díìsì, lọ̀ ọ́ pé ó dín owó, dúró ná. Èyí tó jáde láti November 2023, tó tẹ́ẹ́rẹ́, o lè ra ojú díìsì lọ́tọ̀ kí o so ó mọ́ ọn, dọ́là 79.99 ni wọ́n dá lé e, ó sì máa bèèrè íńtánẹ́ẹ̀tì nígbà àkọ́kọ́ tí o bá so ó. Digital ti 2020 kò ní ibi tí wọ́n ń so ó sí. Èyí ni àwọn alágbàtà ń fi gbá ọmọ Rẹ́mọ tó bá wá sí Èkó lójú. Ti PS5 Pro, dọ́là 699 ní November 2024, kò sì bá ojú díìsì dé. Jẹ́ kí olówó rà á.

Mi ò bá Xbox jà o. Ẹni tó bá fẹ́ gbá géèmù nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, tó ní sọ́là kékeré, tí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dára, Series S ni mo máa ní kí ó rà. Series X sì ń gba ọ̀pọ̀ díìsì Xbox 360 àtijọ́, PS5 kò sì lè gba ti PS3 láé. Tòkúnbọ̀ Amẹ́ríkà ni kí o ṣọ́ra fún: àpótí iná dúdú gbàǹgbà ara wáyà tó máa ń tẹ̀lé Xbox 360 àti Xbox One àkọ́kọ́ láti Amẹ́ríkà, iná 110 ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ra, bí a ṣe kì í bọ ògiri báyìí, èéfín ló fi kí wa.

Tòkúnbọ̀ PS ńkọ́? Má gbà á lórí tábìlì ẹni tó ń tà á láìjẹ́ pé o gbé e tan fún wákàtí kan. Fi bọ́ọ̀lù sí i, kí o máa gbọ́ fáànù rẹ̀. Fi díìsì sí i, yọ ọ́, tún fi í sí i. Fi ìka mi ojú HDMI, ibi tí wáyà tẹlifíṣọ̀n ń wọ̀, wò bóyá ó ń jó, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ máa ń fà. Wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, torí ẹ̀rọ tí wọ́n ti lé kúrò lórí Network, ara kì í sọ. Tó bá jẹ́ PS5, wo ìdí rẹ̀ bóyá wọ́n ti tú u rí. Ohun olómi tó dà bí mẹ́kúrì ni wọ́n fi sí orí ọpọlọ rẹ̀ kó má gbóná jù, ó sì ń gbé iná. Àwọn atúnṣe kan lójú títì á nù ún dànù, wọ́n á fi òróró PS4 dí i. Ó máa jí lọ́jọ́ náà o.

Èyí tí mo máa ṣe tí mo bá jẹ́ ìwọ: PS5 kan tó ní ojú díìsì, kí o gbé e síwájú níbi tí ẹni tó ń kọjá á ti rí i, owó rẹ̀ lórí bọ́ọ̀lù kan kò sì gbọ́dọ̀ bá ti àwọn yòókù dọ́gba. Òun náà ló máa gba GTA VI, tí wọ́n kéde fún PS5 àti Xbox Series tí wọn ò dárúkọ PS4. Owó PS5 kejì, kọ́kọ́ fi ra ínfátà, kí o wá fi ìyókù ra PS4 Slim àlòkù, iye tó bá lè rà. Kí o sì má ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà tí pádì mìíràn kò bá sí nínú dúróà fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, nítorí ọjọ́ Sátidé ni ti ọwọ́ wọn máa bàjẹ́, àwọn atúnpádì kì í sì í ṣiṣẹ́ ní Sunday.